Nọ́ọ̀sì Wa Ń Lọ: Ta Ni Yóò Kù Nínú Wọ́ọ̀dù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ìdí tábìlì ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni mo ti bá a pàdé.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ yáwó láyé ijọ́un. Páànù ilé ni, owó oko kòkó ni, ẹ̀wà àti gàrí tí wọ́n fẹ́ kó pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n ni, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, fọ́ọ̀mù tí à ń rí ti yàtọ̀. Níbi tí a bá ti ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe, ohun tí wọ́n ń kọ ni pé: "Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ sí ìlú Òyìnbó." Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò rárá. "Jápa" ni yóò kọ síbẹ̀, ó parí.

Ní ọdún 2023, ìyá wa kan tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Odò-Ogbè mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá. Mílíọ̀nù méjì náírà ló fẹ́ yá. Ó ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni gbogbo owó náà, òun ti ní oníbàárà fún ilẹ̀ kan tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀, ti ẹgbẹ́ ló kù.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ni ẹ fẹ́ san owó yìí fún?"

Ó ní, "Àjẹ́ǹtì ni. Òun ni yóò bá wa ra ìwé onígbọ̀wọ́ tí ọmọ máa fi wọlé. Ó ní kí ó kọ́kọ́ lọ bí olùtọ́jú àwọn arúgbó, pé ìyẹn ló yá jù. Tó bá débẹ̀ tán, yóò yí i sí nọ́ọ̀sì."

Ọmọ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọmọ kékeré o. Nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ níbí. Ẹnu wa kò kò lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí a fún un lówó, pé ìyá náà kò jẹ gbèsè rí. Àwọn kan ní kí a dúró ná. Mo wà lára àwọn tó ní kí a dúró, ìyá náà sì bínú sí mi gidi. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe bí ẹni pé òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú wa níbí, ọwọ́ àwọn oníjọ ni ìtọ́jú ọsibítù kọ́kọ́ wà. Àwọn Adventist dá ọsibítù tiwọn sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ní Wesley Guild ní Iléṣà ṣáájú ìgbà náà. Ní 1975 ni ìjọba dá ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, tó kó Wesley Guild, ilé ìwòsàn Ẹlẹ́yẹlé àti ti Ìmẹ̀sí-Ilé mọ́ra. Òun ni gbogbo wa ń pè ní OAUTHC lónìí.

Láwọn ọdún yẹn, àwa ni wọ́n ń wá bá. Náírà le, epo ń ta. Àwọn dókítà ń wá láti Íńdíà, láti Pakistan, láti Íjíbítì àti Philippines, wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ọsibítù wa, wọ́n ń gbowó oṣù, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yóò rántí wọn. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí náírà ṣubú lulẹ̀, ọ̀nà kan náà yí ojú padà: àwọn dókítà tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrí sí Saudi Arabia. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló kọ́kọ́ mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.

Ohun tó yí padà ni iye àwọn tó ń lọ, irú ẹni tó ń lọ, àti bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́. Láyé ijọ́un, dókítà àgbà ló ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí fisa pàtàkì kan sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní àkókò àrùn Kòrónà tí ọwọ́ kò tó iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ NMC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lé ní 10,000. Ní ti àwọn dókítà, Mínísítà fún Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Pate, sọ ní ọdún 2025 pé ó lé ní 16,000 tó fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7, àti pé ó ń ná wa ní ju $21,000 lọ láti kọ́ dókítà kan ṣoṣo. Ẹ fi iye tí dọ́là ń lọ lọ́jà sọ ọ́ di náírà fúnra yín.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn ará Saudi wá jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Àbújá, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn dókítà wa lẹ́nu wò, títí àwọn ọlọ́pàá inú ṣe wá tú wọn ká. Ìyẹn tilẹ̀ ti ń di ti àtijọ́. Lónìí, ọmọ á jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Mọ́ọ̀rè tàbí Mọ́dákẹ́kẹ́, á gbé fóònù síwájú, á wọ aṣọ tó dáa láti ìgbáròkó sókè, ọ̀gá kan ní Leeds á máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí iná kò bá lọ, ó ti rí iṣẹ́ gbà kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé.

Wàyí o, ẹ tẹ́tí sí eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí wa mú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera kò tó sílẹ̀; Nàìjíríà wà nínú wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fara mọ́ ọn ní oṣù Kẹrin: àwọn ọsibítù wọn àti àwọn àjẹ́ǹtì wọn kò gbọdọ̀ wá máa ṣa òṣìṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì kan bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wáṣẹ́, wọn kò ní lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ yín ní Lágéré tó ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, ẹ bi í pé láti ìgbà wo.

Ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ọjà. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ènìyàn ló ń sanwó rẹ̀ fún ìjọba tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́ sì wà nínú ìwé kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2022, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọn kò ti gbà kí ẹni tó bá gba ibẹ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tì í pa fún ẹni tó bá fẹ́ ti òkèèrè wọlé. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọ̀nà ti nọ́ọ̀sì gan-an kò fara sin. Iye tí NMC ń gbà ní ọdún 2025 ni: £140 fún ìwé ìbéèrè, £83 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT, £794 fún ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní OSCE, àti £153 fún ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £1,170. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń san án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe OSCE, ọsibítù tó gba nọ́ọ̀sì ló sì sábà máa ń san ìyẹn. Owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti fisa àti ti ọkọ̀ òfuurufú dúró lọ́tọ̀. Ní tiwa níbí, láti oṣù Kẹta ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gbàwé àṣẹ, kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó nítorí òfin yìí. Èmi ò bá wọn jà. Ẹni tí wọ́n bá há mọ́lé, ojú fèrèsé ni yóò máa wò.

Mo mọ bí ilé náà ṣe rí nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, mo sì sùn ti òun ní ọsibítù kan fún òru mẹ́ta. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́ọ̀dù kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lóru, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Bó ṣe ń fún ẹni yìí lábẹ́rẹ́ ni ẹlòmíràn ń ké pè é, omi tí wọ́n fà sí ẹnì kan lára ti tán, kò sì sẹ́ni tó rí i títí ọmọ aláìsàn náà fi sáré wá. Àwa ẹbí la di nọ́ọ̀sì fún ara wa. Lóru kejì, mo rí ọmọ náà níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sùn lóòró. Nígbà tó lajú tó rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Kí ni mo fẹ́ bínú sí?

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi gba àwọn mìíràn, nígbà tí àwọn ọmọ tó kàwé nọ́ọ̀sì ń jókòó sílé. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kì í dá gba òṣìṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti Àbújá, owó oṣù wọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní OAUTHC tiwa kò tíì kúrò lọ́kàn ará Ifẹ̀. Ní ọdún 2022, àyè nǹkan bí ènìyàn 450 ni Àbújá yọ̀ǹda, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e. Àwọn tí wọ́n gbà lé ní 1,900. Àwọn ọmọ yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó, wọ́n gbé pátákó jáde ní 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sílé. Àwọn ọmọ tiwa ni. Àwọn kan nínú wọn fi iṣẹ́ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó má lọ.

Nígbà tí àyè bá ṣófo, ohun kan ni yóò kún un. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké, ọmọbìnrin tí wọ́n kàn kọ́ ní abẹ́rẹ́ gígún fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ funfun, ni ẹ ń pè ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa béèrè. Kò sí àrífín nínú ìbéèrè.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe dandan kó jẹ́ dókítà ni yóò ṣe gbogbo nǹkan. Ibi tí wọ́n ti fi èyí han gbogbo ayé kò jìnnà sí wa rárá. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà Òyìnbó kan, David Morley, wà ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé ọmọdé tó ń ṣàìsàn pọ̀ ju ohun tí àwọn dókítà lè fojú kàn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń fi káàdì ìwọ̀n sọ́wọ́ ìyá ọmọ kó máa gbé e lọ sílé. Láti ibẹ̀ ni káàdì náà ti lọ káàkiri àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ síbi àjẹsára rí, ẹ mọ ibi tó ti wá báyìí. Bí wọ́n bá fi owó àti oògùn sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé àti àwọn agbẹ̀bí tó wà ní àdúgbò wa, wọ́ọ̀dù àwọn ọsibítù ńlá kò ní kún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá wa ti Odò-Ogbè. A ní kó mú ìwé tí àjẹ́ǹtì fún un wá. A yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ wò, kò sí nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. A kò yá a lówó. Odindi oṣù mẹ́ta ni kò fi kí mi. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́jà, yóò yí ojú sí ìsọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà fún àjẹ́ǹtì náà tẹ́lẹ̀ láìsọ fún wa. Nígbà tó yá, fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Ilẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é.

Lóṣù tó kọjá ó tún wá, ọmọ náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yáwó kékeré ni wọ́n fẹ́ báyìí, owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti CBT, kò sí àjẹ́ǹtì níbẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe wọlé ni mo dá a mọ̀: òun ló sùn lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lóru ọjọ́ yẹn. Òun náà dá mi mọ̀, ó sì béèrè àlàáfíà ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Onídùúró méjì ni òfin ẹgbẹ́ wa ń fẹ́. Ìyá náà ti rí ọ̀kan, ó wá ń wo ojú mi. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi sí ìkejì.