Ọ̀dà tó ta sára ọ̀pá jáàkì lè dá típà olówó ńlá dúró

Ọjọ́ tí típà tàbí katapílà bá ti ọ̀dọ̀ ọlọ́dà dé, inú ẹni tó ni ín máa ń dùn. Ara ẹ̀rọ ń dán, ẹni tó bá rí i á rò pé tuntun ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í pẹ́ tí ọ́ìlì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ara jáàkì tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Wọ́n á ní síìlì ni kò dára, wọ́n á ra òmíràn, ìyẹn náà á tún jò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò: ọ̀dà tó ta sára ọ̀pá jáàkì lásìkò tí wọ́n ń fín ẹ̀rọ náà.

Króòmù ni wọ́n fi bo ọ̀pá tó ń dán yìí, ó sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Dídán rẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà lásán. Òun ló ń jẹ́ kí síìlì máa yọ̀ lára ọ̀pá láìjò. Ọ̀dà kì í sì lẹ̀ mọ́ króòmù dáadáa. Bí ọ̀pá bá ti ń wọlé, á máa bó ní wẹ́wẹ́. Èyí tó bá gba abẹ́ síìlì kọjá á dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ó sì lè dé inú pọ́ǹpù. Ohun tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ìbá yanjú á wá di owó síìlì, owó ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì. Ẹni tó ń fi típà kó òkúta lọ́nà Abẹ́òkúta mọ̀ pé ọjọ́ tí jáàkì kò bá gbé, owó kì í wọlé.

Àṣìṣe tó burú ju ọ̀dà lọ

Sáńpépà, ọ̀bẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìyẹn gan-an ni kò dára. Ojú ilà tí sáńpépà bá fà sára króòmù ni ọ́ìlì á máa gbà jáde. Bí ìpẹtà bá wọ ibẹ̀, síìlì tuntun yòówù tí wọ́n bá fi sí i, ọ̀pá náà á máa ha á ni. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n da tínà lé e lórí yàà. Tínà ń ká ọ̀dà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè mú rọ́bà síìlì wú.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sọ ohun tí ẹ̀rọ gbé kalẹ̀, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì ti lífà síwá sẹ́yìn kí agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ̀yìn típà wà lókè, irin tó lágbára ni kí wọ́n fi tì í. Jáàkì nìkan kò ṣeé gbára lé. Nínú katapílà ńlá, agbára ọ́ìlì lè tó 5,000 psi, nígbà tí ti táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju nǹkan bí 35 lọ. Bí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ bá gún èèyàn lára, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ojú egbò náà kéré tó.

Bí ọ̀dà bá ṣì tutù, àkísà tí wọ́n fi tínà díẹ̀ rin, tí wọ́n sì fún, ti tó. Láti ẹ̀bá síìlì ni kí wọ́n ti máa nù ún bọ̀ síta. Bó bá ti gbẹ, kí wọ́n fi àkísà náà lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí tínà má tètè gbẹ, kí wọ́n wá fi ike pẹlẹbẹ, bíi káàdì báńkì tí kò wúlò mọ́, rọra ha á. Ọ̀dà tí wọ́n po hádínà mọ́ máa ń ṣagídí, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n nu ọ̀pá gbẹ, kí wọ́n fi ọ́ìlì tó mọ́ pa á kó tó wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n tú sílẹ̀ ni, kí wọ́n yọ rọ́bà ara rẹ̀, kí wọ́n sì dí gbogbo ihò ọ́ìlì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí iná àti sìgá jìnnà síbẹ̀.

Bíbò sàn ju yíyọ lọ

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí ọ̀pá jáàkì wọlé dé ibi tó bá lè wọ̀ dé kí wọ́n tó fín ọ̀dà, kí wọ́n sì fi téèpù àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wé èyí tó bá kù níta. Kí wọ́n bo họ́ọ̀sì pẹ̀lú, torí ọ̀dà lè bo ibi tó ti là mọ́lẹ̀. Kí wọ́n má gbàgbé ihò tí tánkì ọ́ìlì fi ń mí. Bó bá dí, pọ́ǹpù lè má rí ọ́ìlì fà dáadáa.

Ìgbà ìdúnàádúrà ló yẹ kí olówó ẹ̀rọ àti ọlọ́dà ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa bò ó, àti ẹni tó máa san owó bí ọ̀dà bá ta síbi tí kò yẹ. Ọlọ́dà tó bá ń ṣe èyí láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí, oníbàárà á máa padà wá bá a.

Ẹni tó sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, kó wo ọ̀pá jáàkì kó tó wo ara ẹ̀rọ. Bó bá rí ọ̀dà tàbí ilà sáńpépà níbẹ̀, kó ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan níṣojú òun, kó tó ka owó sílẹ̀.