Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Kejì

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ mọ igbe tí ínfátà máa ń ké ní òru bí bátìrì rẹ̀ bá ń kú lọ. Yóò ké lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, fáànù yóò dúró, ilé yóò pa rọ́rọ́. Kò sì ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lórí ẹní nítorí ooru. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò: a ó fi bátìrì kún un. Owó kékeré kọ́ ni èyí ń gbà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sá fún jẹnẹrétọ̀, bátìrì sì ti di ohun tí à ń fi owó àjọ rà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jókòó ṣe ìṣirò díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó na owó rẹ̀.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Ní ọdún 2021, bátìrì olójé kan ni ó wà nílé wa, irú èyí tí a ń bu omi sí, fólítì 12, ámpíà-wákàtí 200. Nígbà tí kò gbé wa dé ọ̀gànjọ́ mọ́, mo kó àjọ, mo ra èkejì, oníná sì so tuntun mọ́ ògbólógbòó. Oṣù mẹ́jọ kò pé tí àwọn méjèèjì fi dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé bátìrì tí ó ti gbó máa ń fa tuntun lulẹ̀. Bí a bá so arúgbó tí kò lè rìn mọ́ ọmọdé tí ó fẹ́ sáré, ibi tí arúgbó bá jókòó sí ni ọmọdé náà yóò jókòó sí. Ó dùn mí wọra, nítorí pé ètò ìnáwó ilé gan-an ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ mú bébà àti gègé. Ohun èlò tí ń lo iná sábà máa ń ní iye wáàtì rẹ̀ lára, ní ẹ̀yìn tàbí ní ìdí. Ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ iye wáàtì náà di ìlọ́po. Bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí ni a ṣe ń fi wáàtì-wákàtí wọn iná.

Báyìí ni tiwa ṣe rí nígbà náà. Láti agogo méje alẹ́ sí agogo mẹ́fà òwúrọ̀ jẹ́ wákàtí 11. Fáànù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 wáàtì, lo 1,320. Gílóòbù mẹ́rin oní-9 wáàtì lo 180 láàárín wákàtí márùn-ún. Tẹlifíṣọ̀n oní-80 wáàtì lo 240 ní wákàtí mẹ́ta. Fírísà, bí ó ti ń ṣiṣẹ́ tí ó tún ń sinmi, ń jẹ tó 60 ní wákàtí kan, èyí sì jẹ́ 660 kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,400.

Ẹ wá wo bátìrì. Fólítì 12 lọ́nà ámpíà-wákàtí 200, 2,400 náà ni! Ẹ ó ní ó ṣe déédéé. Kò ṣe déédéé rárá. Kò yẹ kí a máa lò ju ìdajì lọ nínú bátìrì olójé. Ẹni tí ó bá ń lò ó gbẹ lóru lóru ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni. Nítorí náà, 1,200 ni a ní, ínfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lílò gbẹ ni a sì ń lò ó, títí tí kò fi lè dé ọ̀gànjọ́ mọ́.

Ká ní mo ti ṣe ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀ ni, ẹnu tí ń jẹ iná ni ǹ bá kọ́kọ́ dín kù. Fáànù oní-bátìrì tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí kì í sábà ju 25 wáàtì lọ. Méjì rẹ̀ yóò lo 550 ní òru kan. Fírísà tí ó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, kì í yọ́ láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀, ẹ lè pa á bí ẹ bá ń lọ sùn. (Ti fíríìjì yàtọ̀: ẹran àti wàrà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà láìsí òtútù ju wákàtí mẹ́rin lọ.) Ó ku 970. Bátìrì kan ṣoṣo tí a ní, nígbà tí ó ṣì dára, ìbá gbé e. Áyọ̀nù àti kẹ́tùlù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ de NEPA, orúkọ tí ó ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005 ṣùgbọ́n tí ẹnu wa kò fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣírò tán tí agbára kò sì tó síbẹ̀, ẹ wo bátìrì lítíọ́mù. Ó wọ́n ju olójé lọ nígbà rírà, ṣùgbọ́n a lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìpa á lára, kò béèrè omi, ó sì máa ń pẹ́ jù lọ dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a so ó mọ́ olójé. Ẹ sì bi oníná bóyá ínfátà yín lè fún un ní iná bí ó ṣe fẹ́, nítorí ìwọ̀n tí olójé ń gbà kọ́ ni lítíọ́mù ń gbà.

Wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fojú tó jù, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó ilé. Bí ínfátà bá gbé 2,000 wáàtì lórí fólítì 12, ámpíà tó 167 ni yóò gba inú wáyà bátìrì kọjá; lórí fólítì 24, 83 péré ni. Wáyà tín-ín-rín yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò sì yọ́. Ẹ béèrè fún wáyà tí ó nípọn àti fíùsì tí a fi sí ìtòsí bátìrì gan-an. Oníná tí ó bá ní fíùsì kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bátìrì olójé máa ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè bú gbàmù jáde bí ó bá ń gba iná, nítorí náà kò gbọdọ̀ gbé yàrá ibùsùn, tàbí ìdí sítóòfù, tàbí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Bí ásíìdì rẹ̀ bá ta sí ọmọ lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tí ó mọ́ sí i fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ fi bébà ìṣirò yín han bàbá àwọn ọmọ kí oníná tó dé. Nígbà tí èmi fi tiwa han ọkọ mi, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní kí a gbé fírísà jáde nínú ilé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ báyìí. Omi tútù ni màmá ń tà nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá wà.