Ọmọ Tí Ẹyinjú Rẹ̀ Yọ Síta: Kí Ni Iṣẹ́ Abẹ Lè Ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń fi pamọ́: ọmọ tí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹlòmíì á ní ìyá ló wo ohun tí kò yẹ nígbà tó lóyún. Ẹlòmíì á ní ayé ló ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ni àìsàn Crouzon, tí dókítà ará Faransé, Octave Crouzon, ṣàlàyé ní 1912. Jíìnì kan tó yí padà, FGFR2, ló ń mú kí egungun agbárí tètè so pọ̀. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì-ìdajì ni lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní in. (Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó lọ yẹ tairọ́ìdì rẹ̀ wò.)

Ẹyinjú ọmọ náà kò tóbi jù. Ihò tó yẹ kó gbà á ni kò jìn tó. Bí ìpéǹpéjú kò bá lè pa dé, ojú á gbẹ, á gbọgbẹ́, ó sì lè fọ́. Agbárí tó há náà lè ba iṣan ìríran jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé torí ẹwà ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kò mọ̀ ọ́n.

Wọn kì í gé ẹyinjú o! Egungun ni wọ́n ń sún síwájú. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, iwájú orí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Bó bá dàgbà díẹ̀, ó kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú. Paul Tessier ní Paris ló lànà èyí láwọn ọdún 1960. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sún un. Ní 1992, Joseph McCarthy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NYU, níhìn-ín ní New York, kọ̀wé nípa fífa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọmọdé gùn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọgbọ́n yìí dé àárín ojú: wọ́n á gé egungun, wọ́n á de irin mọ́ ọn, wọ́n á máa fà á ní bíi mìlímítà kan lójúmọ́, egungun tuntun á sì máa hù sáàárín.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, omi ọpọlọ lè máa jò, ó sì sábà máa ń ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ bi dókítà léèrè pé mélòó ló ń ṣe lọ́dún. Kò ní bínú.

Ní ti owó, Child Health Plus ń gba ọmọ tí kò tíì pé 19, wọn kì í wo ìwé ìgbélùú. Ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni; ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe é.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ máa kán oògùn tí dókítà bá fún yín, kí ẹ sì fi ìpara ojú sí i lálẹ́. Ẹ má kán omi ọmú tàbí àdí sí i. Bí ẹyinjú bá yọ kọjá ìpéǹpéjú, ẹ má fi ipá tì í. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù bò ó, kí ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀.