Chip kékeré tó mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀

Ọkọ̀ Bọ̀dá mi máa ń sítáàtì, á ké fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á sì kú. Rìwáyà ní brain box ló bàjẹ́, kí wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ni wọ́n bá pè mí, torí fóònù ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn, mo sì ní blower.

“Ẹ má tíì rà á, Bọ̀dá. Àṣírí ọkọ̀ ẹlòmíì ló máa wà nínú ẹ̀.”

Nínú ọkọ̀ Jámánì wọn yìí, dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń bi kọ́kọ́rọ́ pé, “Ìwọ ta ni?” Tí kọ́kọ́rọ́ bá dáhùn re, dáṣíbọ́ọ̀dù á fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí brain box, brain box á sì fi wé èyí tó wà nínú chip ìrántí rẹ̀. Tí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ́ńjìnnì á kú. Chip ọ̀hún ò ju hóró ìrẹsì mẹ́ta tá a tò pọ̀ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, 95040 ló ń jẹ́. Báìtì 512 péré ló ń gbà. Àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ ń kà yìí gan-an ò lè wọ inú ẹ̀.

Báwo ni kì í ṣe é gbàgbé tí wọ́n bá yọ bátìrì? Electron ló ń há sẹ́yìn ògiri tín-ín-rín kan tí iná kì í gbà kọjá. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan tuntun nìkan ni wọ́n máa ń fi iná tó lágbára tì í gba ibẹ̀. Tó bá pẹ́ títí, ògiri náà á gbó.

Ti Bọ̀dá mi kì í ṣe ti gbígbó o, omi ni. Abẹ́ gíláàsì iwájú ni brain box wọn wà, ewé sì ti dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ chip náà ti dípẹtà, ó ti ń yọ àwọ̀ ewé.

Mo so ó mọ́ programmer, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: ohun tó kọ́kọ́ sọ kọ́ ló sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkàn mi já. Tí àwọn báìtì yẹn bá lọ pẹ́nrẹ́n, wàhálà wọn ju owó chip lọ. Mo fi blower yọ ọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù, mo fi spirit àti brọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tún kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Kíá ni mo tọ́jú ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, mo tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi.

Chip tuntun kì í mọ nǹkan kan; FF ló kún inú ẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo da báìtì 512 náà sínú ẹ̀, mo fi wé ti àtijọ́, mo wá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, àmì róbótó ojú ẹ̀ sì kọjú síbi tí ti tẹ́lẹ̀ kọjú sí. Ẹ má fojú kékeré wo àmì yẹn o.

Bọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́. Ení, èjì, ẹ̀ta… Mo kà á dé ogún, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké. Wọn ò tiẹ̀ dúpẹ́ kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ lọ kó ewé kúrò lójú ihò omi.