Ìró Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí: Ìlànà Àyẹ̀wò Ariwo Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Nínú Ọkọ̀ Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ariwo tí ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà ẹsẹ̀ rẹ̀, pàápàá ọkọ̀ tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fi í sí lọ. Ó ṣàlàyé pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yà tuntun kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ọ̀nà tí a gbà dè é àti gíga ọkọ̀ tó ti yí padà ni ó ń fa ìró náà. Iṣẹ́ náà lo ọ̀rọ̀ fìrógbóyeyọ Yorùbá láti pín ìró sí ìsọ̀rí, ó sì to ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò tẹ̀ léra wọn, kí olùkọ́ lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí olówó ọkọ̀ má sì náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ariwo abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Etí ni a fi ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí ń fà á lè jìnnà sí ibi tí etí rò pé ó ti wá. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí àwọn ọkọ̀ agbégi àti ọkọ̀ akérò ti jọ ń lo ojú ọ̀nà kan náà, àti ní Agọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà láti ọdún 1982, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé pẹ̀lú ẹ̀yà tó ti gbó, kò sì ní í pẹ́ tí olówó rẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀yà tí yóò rà lè jẹ́ èyí tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù. Ó sì lè jẹ́ tuntun tí ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe àwòkọ́ṣe. Ọjà Ládípọ̀ àti Òwòdé Onírin ní Èkó jẹ́ gbajúmọ̀ orísun fún irú méjèèjì.

Ìṣòro tí iṣẹ́ yìí ń gbé yẹ̀ wò ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti de ẹ̀yà tuntun tán, ariwo tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Olówó ọkọ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, mẹkáníìkì á gbà bẹ́ẹ̀, wọn á ra òmíràn, ariwo kò sì ní í lọ. Owó ti bọ́ sọ́nà. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni pé ẹni tí ariwo ti mọ́ lára kì í fetí sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ń pani lè fara pa mọ́ sáàárín èyí tí kì í pani.

2. Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Iṣẹ́ Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀yà tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tó sì ń jẹ́ kí táyà lè lọ sókè sódò láìgbọn èrò inú ọkọ̀ jìgìjìgì. Sípíríǹgì ni ó ń ru ìwúwo ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń dá sípíríǹgì dúró kí ó má baà máa fò láìdẹ́kun. Áàmù ni apá irin tó di táyà mú sí ipò rẹ̀. Búùṣì onírọ́bà wà ní ìdí áàmù náà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sì wà ní orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oríkèé itan ènìyàn. Línkéèjì ni ọ̀pá kúkúrú tó so áàmù tàbí ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin títẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá ń yí kọ́nà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì iwájú jẹ́ odidi kan, orí wọn sì wọ inú ìjókòó onírọ́bà kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ètò yìí, nítorí òun ni ó gbé e kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ètò náà kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Òun ni ó wà níwájú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, òun náà ni ó sì wà níwájú Toyota Camry àti Corolla tó gba ìgboro kan lẹ́yìn rẹ̀.

3. Ohun Tí Ìrẹ̀sílẹ̀ Ọkọ̀ Ń Yí Padà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ fi lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èkínní, ó lè ti òkè òkun dé pẹ̀lú sípíríǹgì kúkúrú tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi sí i. Èkejì, olówó rẹ̀ níhìn-ín lè ra irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ fún ẹwà, tàbí kí ó ní kí wọ́n gé èyí tó wà níbẹ̀ kúrú. Ẹ̀kẹta, ẹrù àpọ̀jù lè ti tẹ sípíríǹgì rẹ̀ títí tí agbára rẹ̀ fi tán. Ohun yòówù kí ó fà á, nǹkan mẹ́ta ni ó ń yí padà.

Àkọ́kọ́ ni àyè. Ká ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ní àyè sẹ̀ǹtímítà 8 láti lọ sókè kí ó tó kan rọ́bà tí ń gba ìkọlù. Bí a bá rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ìdajì àyè ti lọ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Kòtò tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ yóò wá máa mú kí irin kan rọ́bà ní gbogbo ìgbà. Bí ẹnì kan bá sì ti yọ rọ́bà náà dànù, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni yóò máa gba ìkọlù, kò sì ní í pẹ́ bàjẹ́.

Èkejì ni ipò áàmù. Búùṣì tí a fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin nínú àti lóde kì í yí bí bẹ́rìn. Rọ́bà rẹ̀ ni ó ń lọ́, tó sì ń padà. Ibi tí a bá ti fún bóòtù rẹ̀ pa ni ó gbà pé ó jẹ́ ibi ìsinmi. Bí a bá fún un nígbà tí táyà ń fì lórí jáàkì, rọ́bà náà yóò ti lọ́ tan kí ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀, lílọ́ náà tún pọ̀ sí i. Yóò máa dún, yóò sì ya láìtọ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Ẹ̀kẹta ni línkéèjì. Bí áàmù bá ti gbéra kúrò ní ipò rẹ̀, línkéèjì tí gígùn rẹ̀ bá ọkọ̀ gíga mu lè tẹ irin títẹ̀ náà débi tí yóò fi máa kan áàmù tàbí ṣáàfùtù. Ẹni tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga nítorí kòtò, tó ki rọ́bà bọ inú sípíríǹgì, kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyípadà kan náà ni, ìhà kejì ni ó gbà.

4. Ìró àti Ohun Tí Ó Ń Tọ́ka Sí

Èdè Yorùbá ní ọrọ̀ tó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Nínú ọ̀rọ̀ fìrógbóyeyọ, ohùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń bá ohun ńlá tàbí ohun wíwúwo rìn, ohùn òkè sì ń bá ohun kékeré tàbí ohun fífúyẹ́ rìn; èyí ni ó ya ròbòtò sọ́tọ̀ sí róbótó. Ẹni tó bá lè sọ ìró tí ó gbọ́ dáadáa ti ṣe díẹ̀ nínú àyẹ̀wò náà.

(i) Gbì: ìró kan ṣoṣo tó wúwo, nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ó sábà ń tọ́ka sí àyè tó ti tán, tí ẹsẹ̀ sì ń kan rọ́bà ìkọlù, tàbí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú.

(ii) Kó-kó-kó: ìró kéékèèké tí ń tẹ̀ léra lórí ọ̀nà ṣágiṣàgi, tí ọkọ̀ kò sì sáré. Línkéèjì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì tí a kò fún dáadáa, tàbí wásà rẹ̀ tí a tò láìtọ́. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà lè dún báyìí, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fojú fò ó.

(iii) Hán-ín: ìró bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ gbẹ, nígbà tí ènìyàn bá jókòó sínú ọkọ̀ tàbí tó bá ń gun bọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Búùṣì tó lọ́ ni, tàbí búùṣì líle tí a fi polyurethane ṣe tí a kò fi gíríìsì tó yẹ sí.

(iv) Dín-ín: ìró bí okùn gìtá, nígbà tí a bá ń yí sítíárìn níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Sípíríǹgì kò jókòó sójú ihò rẹ̀, tàbí bẹ́rìn orí ṣọ́ọ̀kì ti di.

(v) Ṣáá: táyà ń ha abẹ́ mọ́ńgáàdì nígbà tí ọkọ̀ bá yí kọ́nà tàbí tó bá kún fún èrò.

(vi) Wùù: ìró tí ń pọ̀ bí eré bá ti ń pọ̀. Bẹ́rìn táyà tàbí táyà tó jẹ ségesège ni, kì í ṣe ẹ̀yà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè.

5. Ìgbésẹ̀ Àyẹ̀wò

Ìlànà tó ṣe kókó ni pé ohun tí kò gbówó lórí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kí a bi olówó ọkọ̀ ní ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, ìhà tó ti ń wá, àti ohun tí a ṣe sí ọkọ̀ kẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ kàn kẹ́yìn ni kí ojú kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí a kó jáàkì, sípánà àti táyà ìpààrọ̀ jáde nínú búùtù, kí a sì wò bóyá sàlẹ́ńsà ń kan abẹ́ ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tó kúrú ń sún sàlẹ́ńsà mọ́ ilẹ̀. Kí a fún nọ́ọ̀tì táyà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí a wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà tó ń mú ìró náà jáde, kí a fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìró bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí páàdì bíréèkì ni ó ń mì, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má jẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ọkọ̀ ti dúró lórí ilẹ̀, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn tàbí kí ó máa gbọn ọkọ̀, kí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ lé orí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìró máa ń rin inú irin jìnnà, ó sì ń tan etí jẹ. Àtẹ́lẹwọ́ ni ó ń gbọ́ ibi tí ìfòsókè náà ti ń wá gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí a gbé ọkọ̀ sókè, kí a sì fi òpó irin tì í, a kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a fi irin gígùn tẹ áàmù sísàlẹ̀. Bí àyè bá hàn nínú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ rìn mọ́ títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí bí ó bá já lórí eré, táyà yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, sítíárìn kò sì ní í ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí a tú línkéèjì ọ̀tún àti òsì kúrò, kí a sì wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà tó dá. Bí ìró bá lọ, línkéèjì tàbí búùṣì irin títẹ̀ ni. Bí kò bá lọ, a ti fi owó línkéèjì pamọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: kí a dẹ gbogbo bóòtù búùṣì onírọ́bà, kí a gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí pákó nínípọn tí gíga wọn dọ́gba, irú èyí tí kò wọ́n ní ilé ìlagi Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ọkọ̀ fi ìwúwo ara rẹ̀ dúró, kí a tó wá fún wọn pa. Ìgbésẹ̀ yìí kò gbówó kankan, ọ̀pọ̀ ìró hán-ín ni ó sì ń pa.

Ìkìlọ̀ méjì ni a gbọ́dọ̀ fi kún un. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé a ti fi irin ìfúnpọ̀ di sípíríǹgì mú. Agbára tó wà nínú rẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Bákan náà, sípíríǹgì tí a fi iná gé ti pàdánù líle rẹ̀ níbi tí iná kàn. Kò sí fífún bóòtù tó lè tún un ṣe.

6. Ipa Tí Àyíká Ń Kó

Ibi tí ọkọ̀ ń gbé ń kópa nínú ìró rẹ̀. Lórí ọ̀nà oko tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká, eruku pupa ń wọ inú awọ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti ya, ó sì ń lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Ní Ògùn Waterside, ní Àbígì, Ìbíàdé àti Ìwópìn, tí ọ̀sà kò jìnnà sí, ọ̀rinrin ń mú kí bóòtù dípẹtà. Bóòtù tó dípẹtà lè dà bí ẹni pé ó ti fún pinpin, nígbà tó jẹ́ pé ìpẹtà ni ó dì í mú, tí áàmù sì ń mì nínú ihò rẹ̀. Kí a tú u, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kí a tó dè é padà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ìró jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó gbọ́ kó-kó-kó tó sáré lọ ra ṣọ́ọ̀kì ti dájọ́ kí ẹ̀rí tó pé. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a wọn ìdúró táyà, kí ó má baà jẹ ségesège.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùkọ́ ní pàtàkì. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tó jẹ́ pé Yorùbá ni ó fi ń kọ́ṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, yẹ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yí ọkọ̀ kan ká, tó ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ìró tí ó gbọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ó ti kọ́ wọn ní èdè, ó ti kọ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ti kọ́ wọn láti má na owó olówó ní ìnákúnàá.