Ológbò Mẹ́rin, Àwo Mẹ́rin: Bí a ti ń tọ́jú ológbò tí àtọ̀gbẹ ń ṣe

Ó lè jẹ́ ohun ẹ̀rín létí ẹlòmíràn pé ẹnìkan jókòó láti kọ̀wé nípa oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ ológbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé inú ilé tí èkúté ti ń jẹ àgbàdo, tí ó ń gé aṣọ inú àpótí, tí ó sì ń jẹ etí ìwé orí tábìlì, yóò mọ̀ pé ológbò kì í ṣe àlejò lásán. Àwọn àgbà ti wí pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ti ń ṣọ́ ilé fún wa láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ha yẹ kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí àìsàn dé bá a?

Ológbò mẹ́rin ni ó wà nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Àgbà wọn ni Adú, akọ dúdú tí a ti tẹ̀ lọ́dàá láti kékeré, ẹni ọdún 11, tí ó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Baálẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni Pupa, abo tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí í jẹun díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ka owó. Àwọn méjì tí ó kù jẹ́ ọ̀dọ́, wọn kò ju ọmọ ọdún kan lọ, wọn a sì máa sáré ká gbogbo ilé.

Àwo ńlá kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń jẹun nígbà náà, inú igbá kan náà ni wọ́n sì ti ń mu omi. Àwa rò pé ìrẹ́pọ̀ ni. Àṣé àwo àjọjẹ yìí ni ó bo àìsàn mọ́lẹ̀ fún wa. Nígbà tí ó ṣe, a kíyè sí i pé omi inú igbá ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, pé yanrìn inú àpótí tí wọ́n ń tọ̀ sí ń rin gbingbin, àti pé èèrà ń tò lọ síbẹ̀. Oúnjẹ ń tán, àwa sì ń bù sí i. Ta ni nínú àwọn mẹ́rin ni ó ń mu omi tó bẹ́ẹ̀? Ta ni ó sì ń tọ̀ ọ́ dànù? Kò sí ẹni tí ó lè sọ.

Aya mi ni ó dá ọgbọ́n kan. Ó wí pé, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí a sì wọn omi fún olúkúlùkù." A ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi àwọn mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí a ti bù ú. Ti Adú ti gbẹ ráúráú. A gbé e, ọwọ́ wa sì kan eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ irun dúdú náà, nítorí pé ó ti rù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dẹ́kun àtijẹun. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú kò dúró lórí ìka mọ́. Gìgísẹ̀ ni ó fi ń tẹ ilẹ̀, bí ẹni tí ó wọ bàtà tí ó tóbi jù ú lọ.

Oníṣègùn ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó sì wí pé àtọ̀gbẹ ni. Ó ṣàlàyé pé ìbẹ̀rù lásán lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ológbò ga fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ìgbà kan ṣoṣo kò tó. Ó ní láti rí ṣúgà nínú ìtọ̀ pẹ̀lú, tàbí kí ó ṣe àyẹ̀wò tí a ń pè ní fructosamine, èyí tí í fi hàn bí ṣúgà ti rí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́bàá ikùn tí í ṣe oje kan tí a ń pè ní ínsúlíìnì. Oje yìí ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Nínú ọ̀pọ̀ ológbò tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, ara ni ó kọ́kọ́ ń ṣe agídí sí ínsúlíìnì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà enìyàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà ara tí ń ṣe é yóò wá rẹ̀. Ìsanrajù, ọjọ́ orí àti ìjókòó sójúkan wà lára ohun tí í fà á, àwọn akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ni ó sì ń bá jù. Nígbà náà ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa ara. Ṣúgà tí kò rí ibi wọ̀ yóò bá ìtọ̀ jáde, yóò sì fa omi lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Adú fi ń mu, tí ó ń tọ̀, tí ó ń jẹ, tí ó sì ń rù.

Aládùúgbò kan gbọ́ pé a fẹ́ máa gún ológbò ní abẹ́rẹ́, ó sì wí pé, "Ẹ̀yin Bàbá, enìyàn tí kò rí oògùn rà pọ̀ ní ìlú yìí o." Òtítọ́ ni, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rán an létí ohun kan. Ní ọdún 1921, nígbà tí Frederick Banting àti Charles Best ń wá ínsúlíìnì ní ìlú Toronto ní Kánádà, ara ajá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni a tó fún ọmọkùnrin kan tí ó ń kú lọ. Ẹranko ni ó kọ́kọ́ ru ẹrù náà fún wa; kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ bí díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ bá padà dé ọ̀dọ̀ ẹranko.

Ní ti oúnjẹ, ẹran ni a dá ológbò láti máa jẹ. Ahọ́n rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ adùn ṣúgà. Oúnjẹ ológbò gbígbẹ tí ó dà bí bisikíìtì sábà máa ń ní ìyẹ̀fun púpọ̀ nínú ju èyí tí ó tutù, tí a ń tà nínú agolo. Èyí tí ó tutù, tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀, tí ìyẹ̀fun sì kéré, ni oníṣègùn yàn fún Adú. Ó kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe fún un ní ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, kí àlùbọ́sà má sì ṣe kan oúnjẹ ológbò kankan, nítorí májèlé ni fún wọn. Ẹran lásán nìkan kò tó pẹ̀lú, nítorí pé àwọn èròjà mìíràn wà tí ara ológbò kò lè ṣe aláìní. Bí ó bá sì yẹ kí ó fọn, kí ó fọn díẹ̀díẹ̀. Ológbò tí ó bá wà láìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan lè ní àrùn ẹ̀dọ̀.

Wàhálà wa kò sí lára Adú nìkan, ó wà lára àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọn ọ̀dọ́ nílò oúnjẹ púpọ̀ kí wọ́n lè dàgbà; Pupa a sì máa fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí di ọ̀sán. Bí Adú bá jẹ tiwọn, ṣúgà rẹ̀ yóò ga, a ó sì dà bí ẹni tí ń pọn omi sínú ajere. Bí àwọn náà bá sì jẹ tirẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò wà lára rẹ̀ láìsí oúnjẹ tí ó tó. Nítorí náà a ra àwo mẹ́rin. Aago 6:30 òwúrọ̀ àti aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni a ń bu oúnjẹ. Adú ń jẹ tirẹ̀ nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Fún àwọn ọ̀dọ́, a gé ihò sára àpótí pákó kan, ihò tí wọ́n lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí Baálẹ̀ kò lè gbà. Àwo Pupa ni a gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga, níbi tí ẹsẹ̀ aláìlera kò lè dé. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, a ó kó àwo Adú àti ti àwọn ọ̀dọ́ kúrò, a ó sì wo ohun tí ó kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ínsúlíìnì, ìgbà méjì lójúmọ́ ni a ń fún un, wákàtí 12 láàárín. Oníṣègùn ni ó yan ìwọ̀n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwọ̀n ológbò ẹlòmíràn wọn ti ológbò tirẹ̀. Oríṣi ìgò méjì ni ó wà: ọ̀kan ní ìwọ̀n 40 nínú mìlílítà kan, èkejì ní 100, abẹ́rẹ́ tí a fi ń fà wọ́n sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ ti 40 fa oògùn ti 100 ti fún ẹranko rẹ̀ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. A kì í mi ìgò náà jìgìjìgì. Inú ẹ̀rọ amómitutù ni a ń pa á mọ́ sí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ tí kò tètè dé, a ó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, a ó sì fi aṣọ wé e kí yìnyín má bàa kàn án, nítorí ínsúlíìnì tí ó bá ti dì kò wúlò mọ́. A ń fa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó dẹ̀ sókè, a sì ń gún un níbẹ̀; abẹ́rẹ́ tuntun ni a ń lò nígbà gbogbo. A ń rí i pé ó jẹun ná. Bí ó bá kọ oúnjẹ tàbí tí ó ń bì, a ó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kí a tó gún un.

Báyìí ni a ṣètò rẹ̀, mo sì rò pé ó tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pẹ́ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Adú pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké bí ẹni tí kò tí ì jẹun. Aya mi ti lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Mo wo aago, ó ti kọjá 7. Mo wí nínú ọkàn mi pé wọ́n ti gbàgbé. Mo fún un ní oúnjẹ díẹ̀, mo sì gún un. N kò mọ̀ pé aya mi ti gún un ní aago 6:30, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kò tì dáadáa, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti wọlé jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí ó dé, ó béèrè pé, "Bàbá wọn, ta ni ó lo abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí tábìlì yìí?" Mo ní, "Èmi ni." Ó káwọ́ lérí. A wo ara wa, a kò lè sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ara Adú bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, bí ẹni tí ó mu ọtí yó. A gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Aya mi fi oyin pa ẹran tí ó yí eyín rẹ̀ ká, díẹ̀díẹ̀. Kò dà á sí i lọ́fun, kí ó má bàa há a. A pe oníṣègùn lórí tẹlifóònù, a gbé Adú sínú agbọ̀n, a sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹranko. Wọ́n fi omi oníṣúgà sínú iṣan rẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Èmi kò sùn. Ní òwúrọ̀, ó gbé orí sókè nígbà tí ó gbọ́ ohùn aya mi.

Oníṣègùn náà kò bá mi wí. Ó kàn wí pé, "Ẹ̀yin Bàbá, ṣúgà tí ó ga fún ọjọ́ kan kì í sábà pa ológbò, èyí tí ó bá lọ sílẹ̀ jù lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá a ti gún un, ẹ má gún un. Ẹ dúró de àkókò tí ó kàn."

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde fún àwọn ẹlòmíràn, bí kọ́bọ̀ kan bá sì dín, n kì í sùn. Síbẹ̀ n kò rò pé ẹ̀mí tí ó wà nílé mi yẹ fún ìlà kan nínú ìwé. Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo fa ìlà sínú ìwé tuntun: ọjọ́, wákàtí, iye oúnjẹ tí ó jẹ, iye oògùn, àti orúkọ ẹni tí ó gún un. Ní ọjọ́ Sátidé, a ń wọn ìwúwo rẹ̀ àti omi tí ó mu. Nígbà míràn a ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ní etí rẹ̀ láti wo ṣúgà, bí oníṣègùn ti kọ́ wa. Ó sì sọ fún wa pé ẹ̀rọ tí a ṣe fún enìyàn lè fi ṣúgà ológbò hàn bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ti rí lọ. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ní ti abẹ́rẹ́, ọwọ́ kan ni ó yẹ: òwúrọ̀ jẹ́ ti aya mi, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tèmi. Ẹni tí kò bá kà á nínú ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo wọlé, mo sì bá Adú lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti lá àwo Pupa mọ́ tónítóní. Inú fẹ́ bí mi. Aya mi wí pé, "Bàbá wọn, ẹ wo ibi tí ó wà. Ta ni ó gbé e gun òkè?" Kò sí ẹni tí ó gbé e. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó ti ń wọ́ nílẹ̀ ni ó fi fò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n mo kọ olè náà sínú ìwé pẹ̀lú, láti ọjọ́ náà ni Pupa sì ti ń jẹun nínú yàrá tirẹ̀.

Àwọn ológbò kan wà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá, pàápàá nígbà tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí a sì tún oúnjẹ wọn ṣe. Adú kò tí ì dé ibẹ̀. Ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ti dínkù, àwa kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ju ológbò kan lọ, bí omi bá ń gbẹ ju ti àtẹ̀yìnwá, ẹ má ṣe wo àwo àjọjẹ kí ẹ sì rò pé ara gbogbo wọn le. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì wo àwo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ òní, ìlà tí aya mi kọ kà báyìí: "Aago 6:30. Adú jẹun tán. Mo ti gún un." Mo kà á kí n tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́.