Kíkàn, Jíjó Tàbí Fífún: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Mímú Apá Irin Dúró Lára Òpó

Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nínú èdè Yorùbá tí ó dúró fún gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà mú kí ohun kan wà lára òmíràn. Ìṣó ni a fi ń kan pátákó mọ́ ògiri. Gọ́ọ̀mù ni a fi ń lẹ ìwé pọ̀. Okùn ni a fi ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ọ̀já ni ìyá fi ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Iná ni wẹ́ẹ́dà fi ń jó irin méjì pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání, ó sì gbé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lè lò fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ti bá òṣìṣẹ́ yan irinṣẹ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ṣe ètò ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ irin kò sí nínú ohun tí ó dáwọ́ lé.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré níbi tí ó bá ti kan àwọn òpó irin róbótó tí a ń rì mọ́lẹ̀ fún iná ojú títì, fún kámẹ́rà, fún pátákó agbára oòrùn àti fún àńtẹ́nà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Irin tí ó na jáde láti ara òpó, tí ó sì ń gbé àwọn ohun-èlò wọ̀nyí, ni ó yẹ kí a pè ní apá irin. Ìkọ́ lè wá sí ẹlòmíràn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi nǹkan kọ́ sí lásán ni ìkọ́. Apá a máa gbé ẹrù, a sì máa dojú kọ atẹ́gùn. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà pé ‘Kan apá irin náà mọ́ òpó’, gbólóhùn rẹ̀ já gaara, Yorùbá rẹ̀ kò sì ní àléébù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á yóò wá ìṣó tàbí bóòtù, yóò sì lu òpó.

Lílu òpó náà gan-an ni ó léwu. Inú òpó irin ṣófo. Awọ rẹ̀, tí kì í sábà nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí atẹ́gùn bá ti òpó, ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí atẹ́gùn a máa nà, ẹ̀gbẹ́ kejì a sì máa sún kì. Ní 1898 ni Kirsch, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, fi ìṣirò hàn pé bí ihò róbótó kékeré bá wà lára irin pẹlẹbẹ tí a ń fà, fífà tí ó wà ní etí ihò náà a máa tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó wà níbi tí ó jìnnà sí i. Kíkéré ihò kò dín ìlọ́po mẹ́ta yìí kù. Bí atẹ́gùn bá sì ń ti òpó síwá sẹ́yìn fún ọdún púpọ̀, etí ihò ni ó ṣeé ṣe jù pé kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹni tí yóò gun òpó náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láti pààrọ̀ gílóòbù kò ní mọ ẹni tí ó lu ihò, kò sì ní mọ ẹni tí ó túmọ̀ ìwé.

Ọ̀ràn ìpẹtà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti ri òpó bọ inú síńkì yíyọ́ tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Síńkì yìí ni ó ń jìyà dípò irin; òun ni omi àti afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń jẹ. Ihò tí a lu lẹ́yìn náà ṣí etí irin sílẹ̀, òjò sì lè gba ibẹ̀ wọ inú òpó, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Jíjó burú ju lílu lọ ní ọ̀nà kan. Síńkì a máa hó di èéfín ní nǹkan bí ìwọ̀n 907, iná wẹ́ẹ́dà sì gbóná ju èyí lọ fíìfíì. Ìbòrí náà a jó dànù yí ojú iṣẹ́ ká, èéfín rẹ̀ a sì máa dá ibà sí ẹni tí ó bá fà á símú lára. Ní ti òpó igi, oògùn tí a fi ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikán àti ìjẹrà kì í sábà wọlé dé àárín, ihò sì lè ṣí ibi tí oògùn kò dé. Nínú ọ̀pọ̀ òpó kọnkéré, wáyà irin tí a ti fà le wà níbẹ̀, ẹni tí ń lu ihò kò sì rí wọn.

Ọ̀nà tí kò pa òpó lára ni kí a yí irin ká a, kí a sì fún un. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Igbà ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Kò kan ìṣó mọ́ ọn. Igbà yí igi àti ẹni tí ń gùn ún ká. Bí ó bá fẹ̀yìn tì í, igbà a di ọ̀pẹ mú. Bí ó bá sún mọ́ igi, igbà a dẹ̀, a sì jù ú sókè. Ìfúnpá a máa dúró lápá láìgún awọ. Ìgbàjá a máa dúró ní ìbàdí láìsí abẹ́rẹ́. Èwo nínú wọn ni ó yẹ kí ó fún irin náà ní orúkọ? Igbà kò bá a mu tán, nítorí pé ìwúwo ẹni tí ó fẹ̀yìn tì í ni ó ń mú un le. Bí ẹni náà bá bọ́ kúrò nínú rẹ̀, igbà a ṣubú. Ìfúnpá ni ó sún mọ́ ọn jù ní ti ìṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìlera, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfúnpá gíga, ó sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀ nítorí ìdí tí yóò hàn láìpẹ́. Ìgbàjá ni ó kù: ó yí ara ká, a ń fà á le, a ń dè é, ó sì ń dá dúró. Ìgbàjá irin ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Kílámpù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, kò sì sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ìgbàjá irin tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ ìlàjì méjì tí a fi bóòtù méjì so pọ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bóòtù kọ́ ni ó gbé ẹrù náà ní tààrà. Ohun tí ó gbé e ni pé irin kò rọrùn láti yọ̀ lórí irin tí ó fún un. ‘Ipá adènà-yíyọ̀’ ni ó bá èyí mu. ‘Ìfarakanra’ kò tó, nítorí pé ohun méjì lè fara kanra láìsí ohunkóhun tí ó ń dènà yíyọ̀. Ká ní fífà inú bóòtù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000 níútònù, tí fífún sì pín dọ́gba yí òpó ká. Àpapọ̀ ipá tí ìgbàjá fi ń fún òpó yóò jẹ́ ìlọ́po 6.28 rẹ̀, ìyẹn páì lọ́nà méjì: 6,280 níútònù. Òpó ì báà tẹ́ẹ́rẹ́, ì báà sanra, iye yìí kò yí padà. Bí adènà-yíyọ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ipá náà, ìgbàjá lè di 1,256 níútònù mú kí ó tó yọ̀. Ohun-èlò tí ó wọn 50 kìlógírámù ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 490 níútònù péré.

Níbí ni ìyàtọ̀ láàárín ipá àti ìfúnpá ti di dandan. Ipá ni àpapọ̀ títẹ̀. Ìfúnpá ni títẹ̀ tí ó bọ́ sórí ìwọ̀n ààyè kan. Bí ìdábùú òpó náà bá jẹ́ 200 mìlímítà, tí ìgbàjá sì fẹ̀ tó 50 mìlímítà, fífà 1,000 níútònù a máa gbé ìdá kan nínú márùn-ún níútònù ka orí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi bóòtù tí a tẹ̀ bí àmì U rọ́pò rẹ̀, tí ojú tí ó fi kan òpó kò sì ju 5 mìlímítà lọ, ìfúnpá lábẹ́ rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni kò di òpó mú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú bóòtù yìí ni ó máa ń tẹ awọ òpó tín-ín-rín wọ inú, tí ó sì ń ha síńkì kúrò. Ògbufọ̀ tí ó bá fi ‘agbára’ túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò kọ ọ́ pé kí òṣìṣẹ́ dín agbára kù kí òpó má baà tẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ràn yóò dẹ bóòtù, apá irin yóò sì yọ̀ wálẹ̀. Ohun tí ìwé náà fẹ́ sọ ni pé kí ó dín ìfúnpá kù nípa lílo ìgbàjá tí ó fẹ̀, kí ó sì fi ipá sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ìwúwo sì kọ́ ni olórí ìṣòro. Bí apá bá nà jáde ní mítà kan láti àárín òpó, tí atẹ́gùn sì fi 100 níútònù ti orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, atẹ́gùn náà ń fẹ́ yí ìgbàjá ká òpó ni. Nítorí pé ojú òpó fi 100 mìlímítà péré jìnnà sí àárín, adènà-yíyọ̀ gbọ́dọ̀ tó 1,000 níútònù kí ó tó lè dá a dúró. Ọ̀nà tí èyí dorí kọ àti ọ̀nà tí ìwúwo dorí kọ dá igun. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 1,114 níútònù, ó sì ti súnmọ́ 1,256 jù. Bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, ipá rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin, apá náà yóò sì yí. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń lo ìgbàjá méjì tí ó jìnnà síra. Ó yẹ kí ‘yíyọ̀ sílẹ̀’ àti ‘yíyí ká’ wà lọ́tọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Òpó tí ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń ga sókè a máa ran ìgbàjá lọ́wọ́ lórí ti àkọ́kọ́, nítorí pé ibi tí ó sanra ni ìgbàjá ń yọ̀ lọ. Kò ràn án lọ́wọ́ rárá lórí ti èkejì.

Fún ohun-èlò tí kò wúwo, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí kì í dípẹtà ni wọ́n sábà máa ń wé mọ́ òpó, tí wọ́n sì ń fi ìdè há a. Ọ̀já irin dára fún un. Irin yìí àti síńkì kì í ṣe ọ̀rẹ́ nínú omi iyọ̀: wọn a máa ṣe bí bátìrì, síńkì ni yóò sì ṣòfò. Ní etí òkun, láti Èkó dé Kútọnu, ó dára kí rọ́bà wà láàárín wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ fífún, tí bóòtù yóò fi dẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀. ‘Fún bóòtù’ lè rú ẹni tí ń kà á lójú, nítorí pé fún ti ìtọrẹ àti fún ti títẹ̀ kò yàtọ̀ ní ohùn. ‘Fún un le’ kò ní ìṣòro yìí. Fífún kì í sì í pín dọ́gba bí ìṣirò ti sọ: ibi tí ó súnmọ́ bóòtù a máa le ju ibi tí ó jìnnà sí i lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń yí ti ọ̀tún díẹ̀, tí a ń yí ti òsì díẹ̀, tí a sì ń padà wá fún wọn le lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àlàfo gbọ́dọ̀ kù láàárín ìlàjì méjèèjì nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti le tán. ‘Àlàfo ìfún’ ni a lè pè é. Bí ìlàjì méjèèjì bá ti pàdé, bí ó ti wù kí a yí sípánà tó, bóòtù nìkan ni ó ń le sí i. Ìgbàjá kò fún òpó mọ́.